Irúgbìn àgbàdo: kílò mélòó ni ó yẹ kí ó wọ éékà kan ní ilẹ̀ Rẹ́mọ?

Àgbẹ̀ Ìṣarà:
Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi lóko, mo kí yín o. Mo ní éékà márùn-ún lẹ́yìn Ìṣarà, ní ọ̀nà Òde-Rẹ́mọ, katakata sì ti tú u. Mo fẹ́ fi mẹ́ta gbin àgbàdo nìkan, tí n ó jẹ́ kí ó gbẹ lórí ìdúró kí n tó ṣẹ́ ẹ fún àwọn tí ń lọ oúnjẹ adìẹ. N ó fi méjì tí ó kù gbin àgbàdo mọ́ ẹ̀gẹ́. Àgbàdo pupa ni irúgbìn náà, kì í ṣe háíbíríìdì tí wọ́n fi oríṣi méjì bí, bí òjò oṣù kẹrin bá sì ti fìdí múlẹ̀ ni n ó gbìn ín.

Iye tí n ó rà ni ó dojú rú mọ́ mi lójú. Ẹni tí ń ta irúgbìn ní kí n ra kílò mẹ́wàá fún éékà kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀gbọ́n mi tí ó ti ń dáko tipẹ́ ní kílò mẹ́fà ti tó, wọ́n ní ọjà ni ọkùnrin yẹn ń tà. Ẹni tí oko wa jọ pààlà sì ní kóńgò mẹ́rin ni òun ń gbìn sí éékà kan láti ọjọ́ yìí wá. Owó irúgbìn tí ó ní àmì ẹ̀rí kò kéré mọ́, n kò sì fẹ́ kí ilẹ̀ tí mo ti náwó lé lórí ṣófo nítorí pé mo ṣahun irúgbìn. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀?

Baba Àgọ́:
Ẹ kú iṣẹ́ oko. Níhìn-ín ní Àgọ́-Ìwòyè, ìgbésẹ̀ kan ni a ń fi sí àárín ihò kan sí èkejì, kóró mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni a sì ń jù sínú ihò. Bí a bá gbìn ín tán, òkété yóò mú tirẹ̀, ọ̀kẹ́rẹ́ yóò mú tirẹ̀, àparò yóò hú tirẹ̀ jáde lówùúrọ̀ kùtù, èyí tí ó bá ṣẹ́kù ni a ń pè ní oko. Ẹni tí ó bá ń ka kóró ní ẹyọ ní ẹyọ kò tíì bá ọ̀kẹ́rẹ́ pín ilẹ̀ rí. Kóńgò mẹ́rin ti tó fún éékà kan jàre.

Olùkọ́ Oko, Ìkẹ́nnẹ́:
Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun kan nípa àwọn iye mẹ́ta tí Àgbẹ̀ Ìṣarà kó wá, nítorí pé méjì ni wọ́n. Kóńgò àgbàdo kan máa ń sún mọ́ kílò kan àbọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kóńgò ọjà kan kì í fi gbogbo ara bá ti ọjà mìíràn mu. Kóńgò mẹ́rin, nígbà náà, kò jìnnà sí kílò mẹ́fà. Ohun kan náà ni ẹ̀gbọ́n yín àti aládùúgbò yín ń sọ. Kílò mẹ́wàá tí oníṣòwò náà sọ kì í sì í ṣe irọ́: bí a bá sọ ọ́ di ti hẹ́kítà, tí ó jẹ́ éékà méjì àti ààbọ̀ ó dín díẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé kílò 25, ibẹ̀ gan-an sì ni òkè ìlànà tí ó wọ́pọ̀ fún àgbàdo, èyí tí í máa wà láàárín kílò 20 sí 25.

Àmọ́ kílò kọ́ ni ó yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀. Iye igi àgbàdo tí ilẹ̀ yóò gbé títí di ìgbà ìkórè ni kí a kọ́kọ́ mú, kí a tó padà wá wo iye kóró tí yóò fún wa ní iye igi bẹ́ẹ̀. Èyí tí wọ́n fi kọ́ àwa òṣìṣẹ́ ìmọ̀ràn àgbẹ̀ fún àgbàdo nìkan ní agbègbè wa yìí ni igi 53,333 lórí hẹ́kítà kan. Ọ̀nà méjì ni a lè gbà rí i. Èkíní ni kí a fi sẹ̀ǹtímítà 75 sí àárín ìlà, sẹ̀ǹtímítà 25 sí àárín ihò, kí igi kan ṣoṣo dúró ní ihò kọ̀ọ̀kan. Èkejì ni kí ìlà wà ní 75 bákan náà, kí ihò wà ní 50, kí igi méjì dúró. Oríṣi tí ó tètè gbó, tí kò ga, tí kò sì gbòòrò, lè gbé tó 66,667: ìlà kò yẹ̀ ní 75, ihò yóò wá sí 40 fún igi méjì tàbí 20 fún ẹyọ kan.

Ẹ wá wo ti Bàbá wa ní Àgọ́. Bí ìgbésẹ̀ bá jẹ́ mítà kan sí mítà kan, ihò 10,000 ni ó wà lórí hẹ́kítà. Bí mẹ́ta bá dúró ní ihò kọ̀ọ̀kan, ó di 30,000. Ilẹ̀ tí ó lè gbé 53,333 ni ó gbé 30,000 yẹn, mẹ́ta sì tún ń du omi àti ajílẹ̀ lójú kan ṣoṣo nígbà tí koríko ń jẹ àárín tí ó ṣófo. Koríko yẹn ni ẹ ń náwó ìtúlẹ̀ fún.

Ọmọ Ìlíṣàn Lókè Òkun:
Mo kí gbogbo ilé. Skọ́tíláǹdì ni mo wà, oko ọkà bálì sì ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ọkà bálì kì í ṣe ohun ọ̀gbìn ilẹ̀ Rẹ́mọ, àmọ́ ọ̀nà tí àwọn èèyàn ibí fi ń ṣírò irúgbìn rẹ̀ bá ọ̀rọ̀ yìí mu, nítorí pé òǹkà kan náà ni yóò ṣiṣẹ́ fún àgbàdo.

Nígbà ìrúwé, ní oṣù kẹta sí oṣù kẹrin, ni a ń gbin oríṣi tí mo ń sọ yìí. Kò sí ẹni tí ń béèrè pé kílò mélòó ni a óò gbìn kí ó tó wọn kóró. A óò ka ẹgbẹ̀rún kóró, a óò gbé e sórí òṣùwọ̀n, a óò kọ ìwọ̀n rẹ̀ sílẹ̀ ní gíráàmù. Lẹ́yìn náà ni a óò mú iye igi tí a fẹ́ nínú mítà kan níbùú lóròó, a óò fi ìwọ̀n ẹgbẹ̀rún kóró sọ ọ́ di púpọ̀, a óò sì fi ìdá tí a retí pé yóò hù tí yóò sì dúró nínú ọgọ́rùn-ún pín in. Ohun tí ó bá jáde ni kílò fún hẹ́kítà kan. Ká ní igi 300 ni a fẹ́, tí ẹgbẹ̀rún kóró wọn gíráàmù 48, tí a sì retí pé 85 nínú ọgọ́rùn-ún yóò dúró: 300 lọ́nà 48, ká fi 85 pín in, kílò 169 ni. Bí ọdún mìíràn bá mú kóró ńlá wá tí ẹgbẹ̀rún rẹ̀ wọn 55, iye igi kan náà yóò gba kílò 194. Bí kóró bá sì tínrín tó 42, kílò 148 ti tó. Ẹ ò rí i pé ẹni tí ó bá di kílò kan náà mú lọ́dọọdún kò gbin iye kan náà lọ́dọọdún.

Ibi tí ọkà bálì ti yàtọ̀ sí àgbàdo ni pé ẹ̀hù máa ń yọ láti ìdí rẹ̀. Kóró kan lè fún wa ní orí méjì sí mẹ́ta, nítorí náà bí díẹ̀ kò bá hù, èyí tí ó wà nítòsí yóò yọ ẹ̀hù sí i, yóò bo àlàfo. Àgbàdo kì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀. Ojú tí kò bá ti hù, ó ti lọ nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ sì ni èyí tí ó pọ̀ jù kò ní yọ̀ǹda àyè fún ẹnìkejì. Gbogbo wọn ni yóò fún mọ́ra, òmíràn yóò sì ga lásán láì yọ ọmọ.

Ìyá Alágbàdo, Ògèrè:
Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ kú ìṣirò. Èmi kì í jẹ́ kí tèmi gbẹ. Àgbàdo tútù ni mò ń tà fún àwọn tí ń sè é àti àwọn tí ń sun ún, ọjà wa sì ní òfin tirẹ̀. Oníbàárà tí ó bá ti Èkó wá kì í wo àpò lásán. Yóò ti ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀ àpò, yóò fa ọ̀kan yọ, yóò fi èékánná ya háhá rẹ̀ láti orí, yóò tẹ kóró kan bóyá omi funfun yóò jáde, lẹ́yìn náà ni yóò wo orí ṣùkù bóyá kóró dé òkè. Bí orí bá pá, owó já nìyẹn.

Ìdí nìyí tí n kì í fi bá yín dé 53,333. Sẹ̀ǹtímítà 90 ni mò ń fi sí àárín ìlà, 50 sí àárín ihò, méjì méjì ni mo sì ń jẹ́ kí ó dúró. Àbúrò yín tí ó kàwé bá mi ṣírò rẹ̀, ó ní ó jẹ́ 44,444 lórí hẹ́kítà. Ọmọ àgbàdo mi kò pọ̀ tó tiyín, àmọ́ ó tóbi, ẹyọ ni a sì fi ń tà á. Ẹni tí yóò gbẹ tirẹ̀ kí ó tó tà á ní ìwọ̀n kò ní í ṣe pẹ̀lú bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe tóbi tó. Àpapọ̀ ìwọ̀n ni tirẹ̀. Kí Àgbẹ̀ Ìṣarà má ṣe bá mi wọ ọ̀nà tèmi.

Baba Àgọ́:
Mo ti ka ohun tí ẹ kọ, Olùkọ́, n kò sì bínú. Ṣùgbọ́n ẹ kò tíì dá mi lóhùn lórí ọ̀kẹ́rẹ́. Bí mo bá fi ẹyọ kan sí ihò, tí ọ̀kẹ́rẹ́ sì tẹ̀ lé ìlà yín gbọọrọ tí ẹ fi okùn nà fún un, kí ni yóò kù? Bí ẹ bá sì ní kí n gbin mẹ́ta kí n wá fa ọ̀kan tu, ta ni yóò bá mi fa á lórí éékà márùn-ún? Owó alágbàṣe ọjọ́ kan ti ju owó irúgbìn tí ẹ ń bá mi ṣọ́ lọ.

Olùkọ́ Oko, Ìkẹ́nnẹ́:
Bàbá, ìbéèrè yín tọ́, apá kejì rẹ̀ pàápàá. Èmi náà kì í gba ẹnikẹ́ni níyànjú pé kí ó gbin àgbìnjù kí ó tún padà wá fa á tu lórí oko ńlá. Ẹni bá ní ilẹ̀ bí ẹ̀yìnkùlé lè ṣe é. Lórí éékà márùn-ún, ẹ̀yìn ni yóò dùn yín lásán, àwọn tí ẹ bá sì fi sílẹ̀ di ọ̀sẹ̀ kẹta ti ṣe ara wọn léṣe kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ní ti ẹranko, inú ìṣirò ni wọ́n wà. Ìdá tí yóò dúró nínú ọgọ́rùn-ún, tí ọmọ wa láti Ìlíṣàn sọ, kì í ṣe agbára híhù nìkan. Irúgbìn lè hù ní 95 nínú aṣọ tútù nílé, kí ó jẹ́ 80 ni ó yọjú lóko, nítorí kòkòrò, òjò tí ó dá dúró, ilẹ̀ tí ó le lójú àti àwọn àlejò tí ẹ dárúkọ. Ẹ fi wọ́n sí òǹkà kí ẹ tó ra irúgbìn. Bí ẹ bá mọ̀ pé oko yín súnmọ́ igbó tí ọ̀kẹ́rẹ́ pọ̀ sí, ẹ lè gé 15 nínú ọgọ́rùn-ún kúrò dípò 10. Ẹ fi oògùn ìpo-irúgbìn pò ó, kí ihò jìn tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin sí márùn-ún, kí ẹ sì fi ẹsẹ̀ tẹ erùpẹ̀ lé e. Ihò tí kò jìn ni àparò ń hú.

Bí ojú kan kò bá sì hù, kí ẹ tún un gbìn láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí ọjọ́ mẹ́wàá. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi í sílẹ̀. Èyí tí ó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yóò ṣíji bò ó, kì í sì í yọ ọmọ tí ó ní láárí.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí kò tíì jáde níbí. Ilẹ̀ Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ kì í ṣe ọ̀kan náà. Ibi tí iyanrìn ti pọ̀, tí òjò ń fọ oúnjẹ ilẹ̀ lọ sísàlẹ̀, kò lè gbé 53,333 bí a kò bá fi ajílẹ̀ sí i. Bí ẹ bá mọ̀ pé ẹ kò ní ra ajílẹ̀ NPK tí ẹ óò fi sí i ní ọ̀sẹ̀ kejì, àti yúríà tí yóò tẹ̀ lé e kí ó tó yọ ìrùkẹ̀rẹ̀, ẹ má gbin iye yẹn. Ẹ gbà á ní 40,000, kí ẹ sì fi owó tí ó kù ra àpò ajílẹ̀ kan. Nínú ẹ̀gẹ́ náà, 40,000 ni kí ẹ má kọjá, tí ẹ̀gẹ́ bá wà ní mítà kan sí mítà kan: kí ìlà àgbàdo wà láàárín ìlà ẹ̀gẹ́, ihò ní 50, méjì méjì. Bí ẹ bá gbìn ín pọ̀ jù, ẹ̀gẹ́ ni yóò san gbèsè náà, nítorí pé òjìji àgbàdo ni yóò wà fún oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́.

Oníkatakata Ṣágámù:
Mo fẹ́ fi ti ẹ̀rọ kún un. Ẹ̀rọ ìgbìn tí katakata ń fà ní àwo onihò nínú, ẹyọ kóró kan ni ó yẹ kí ihò kọ̀ọ̀kan gbé. Bí kóró bá dàpọ̀, ńlá mọ́ kékeré, pẹlẹbẹ mọ́ roboto, ihò kan yóò gbé méjì, òmíràn yóò lọ lófìfo, ẹ ó sì máa bú awakọ̀. Irúgbìn tí wọ́n ti fi asẹ́ yà sọ́tọ̀ ni kí ẹ rà bí ẹ bá fẹ́ fi ẹ̀rọ gbìn ín. Eré sísá náà ń ṣe é. Awakọ̀ tí ó bá ń kánjú lọ sí oko ẹlòmíràn yóò fi àlàfo sílẹ̀ fún yín.

Nígbà tí ó bá sì hù tán, ẹ má fi ojú lásán díwọ̀n rẹ̀. Bí ìlà yín bá wà ní 75, ẹ na okùn mítà 13 àti sẹ̀ǹtímítà 30 lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà kan. Ilẹ̀ tí ìlà yẹn ń jẹ jẹ́ ìlọ́po mẹ́wàá mítà kan níbùú lóròó, èyí tí í ṣe ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìdá hẹ́kítà kan. Iye igi tí ẹ bá kà níbẹ̀, ẹ fi ẹgbẹ̀rún sọ ọ́ di púpọ̀. 53 ni ẹ ń wá. Ẹ kà á ní ibi bíi mẹ́fà káàkiri oko, kì í ṣe létí ọ̀nà tí gbogbo rẹ̀ ti dára nìkan.

Àgbẹ̀ Ìṣarà:
Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo gbé irúgbìn náà lọ sọ́dọ̀ arábìnrin kan tí ń ṣe àkàrà òyìnbó, mo ka ọgọ́rùn-ún kóró sórí òṣùwọ̀n ìyẹ̀fun rẹ̀: gíráàmù 27. Ẹgbẹ̀rún yóò jẹ́ 270. Mo wá gbé ọgọ́rùn-ún mìíràn sínú aṣọ tútù fún ọ̀sẹ̀ kan, 88 hù dáadáa. Mo gé ìdá kan nínú mẹ́wàá kúrò nínú rẹ̀ fún ti oko, ó kù 79.

Fún éékà mẹ́ta àkọ́kọ́, igi 53,333 lórí hẹ́kítà jẹ́ 5.33 nínú mítà kan níbùú lóròó. 5.33 lọ́nà 270, ká fi 79 pín in, ó fún mi ní kílò 18.2 fún hẹ́kítà, tí ó jẹ́ bíi 7.4 fún éékà. Fún éékà méjì ti ẹ̀gẹ́, 4 lọ́nà 270, ká fi 79 pín in, kílò 13.7 ni, éékà kan sì jẹ́ 5.5. Bí mo bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, kílò 22 àti kílò 11, kílò 33 ni. Oníṣòwò yẹn ìbá ta 50 fún mi. Ẹ̀gbọ́n mi ìbá ní kí n ra 30. Ṣé mo gbà á bí ó ti yẹ? Ọwọ́ ni a ó fi gbìn ín, ajílẹ̀ sì wà nílẹ̀.

Olùkọ́ Oko, Ìkẹ́nnẹ́:
Ẹ gbà á dáadáa. Ẹ ra 35 kí ẹ lè rí èyí tí ẹ ó fi tún ojú tí kò hù gbìn. Ẹ kíyè sí i pé kílò mẹ́fà ẹ̀gbọ́n yín súnmọ́ èyí tí ẹ fẹ́ nínú ẹ̀gẹ́. Lórí éékà tí ó jẹ́ ti àgbàdo nìkan ni kò ti tó, nítorí igi bíi 43,000 ni yóò fún yín. Kílò mẹ́wàá yóò sì gbé yín kọjá 72,000, èyí tí oríṣi yín kò lè gbé.

Ohun kan ṣẹ́kù. Lórí éékà mẹ́ta yẹn, bí ìlà bá wà ní 75 tí ihò wà ní 50, ihò 26,667 ni yóò wà lórí hẹ́kítà kọ̀ọ̀kan, kóró tí ìṣirò yín gbé wá sì jẹ́ nǹkan bíi 67,500. Ó túmọ̀ sí méjì àti ààbọ̀ nínú ihò kan. Kóró kì í ní ààbọ̀, nítorí náà kí ẹ sọ fún àwọn tí yóò gbìn ín pé kí wọ́n ju méjì sí ihò kan, mẹ́ta sí èyí tí ó tẹ̀ lé e, bẹ́ẹ̀ ni títí dé òpin ìlà. Ti inú ẹ̀gẹ́ náà kò yàtọ̀. Kò ní sí èyí tí ẹ óò fà tu.

Baba Àgọ́:
Méjì, mẹ́ta, méjì, mẹ́ta. Èyí yé àwọn ọmọ tí ń bá mi gbìn ín, wọ́n á sì máa fi kọrin. Olùkọ́, ti ọ̀gbìn ìkẹyìn ńkọ́, lẹ́yìn òjò tí ó dá dúró ní oṣù kẹjọ? Ẹ tún gbọ́, mo ní ìrẹsì Ọ̀fàdà díẹ̀ pẹ̀lú. Ṣé òǹkà kan náà ni?

Olùkọ́ Oko, Ìkẹ́nnẹ́:
Òǹkà kan náà ni, Bàbá, àmọ́ ohun tí ẹ óò fi sínú rẹ̀ ni yóò yí padà. Fún ìkẹyìn, ẹ mú oríṣi tí ń gbó ní nǹkan bí àádọ́rùn-ún ọjọ́, ẹ gbìn ín kí oṣù kẹsàn-án tó dé ìdajì, kí òjò má bàa dá nígbà tí ó bá ń yọmọ. Kòkòrò tí ń lu igi rẹ̀ máa ń pọ̀ nígbà náà, ẹ gé ìdá tí ó ju ti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún lọ. Kò jìnnà sí yín láti wá béèrè oríṣi tí ó bá àkókò mu: àwọn iléeṣẹ́ ìwádìí ohun ọ̀gbìn, IITA àti IAR&T ní oko ìwádìí sí Ìkẹ́nnẹ́ níhìn-ín, ó wà lára ibi tí wọ́n ti ń dán àgbàdo tuntun wò.

Ọmọ Ìlíṣàn Lókè Òkun:
Ní ti Ọ̀fàdà, Bàbá, ọ̀dọ̀ ọkà bálì ni kí ẹ gbé e sí, nítorí pé òun náà ń yọ ẹ̀hù láti ìdí. Bí díẹ̀ kò bá hù, kò fi bẹ́ẹ̀ pa yín lára bíi ti àgbàdo. Ẹyẹ ni kí ẹ máa ṣọ́.

Baba Àgọ́:
Ti ẹyẹ yé mi. Àgbẹ̀ Ìṣarà, nígbà tí ẹ bá na okùn mítà 13 yẹn tán, ẹ kọ iye tí ẹ kà síbí kí n rí i.